Awẹ́ Kẹrìndínlógún

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ẹnu mi kó bá mi lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pe èmi àti àbúrò wa obìnrin sí pálọ̀ Màmá, ó ní ká jókòó sọ ohun tí a máa ṣe sí ilé náà kí Màmá tó padà dé. Ọ̀dọ̀ àbúrò wa ni Màmá wà báyìí, nítorí ilé tiẹ̀ ló súnmọ́ ọsibítù tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ojú Màmá: ojú kan lóṣù yìí, ìkejì lóṣù tó ń bọ̀. Ká fojú bu ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà. Kí wọ́n kun ògiri. Kí wọ́n pààrọ̀ páànù tó ń jò. Kí wọ́n gbé tábìlì róbótó yẹn sọnù.

Tábìlì tí Bàbá wa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe! Òjò ti ń kán sí i lórí láti bí ọdún mẹ́ta. Màmá ò rí i, àwa tí a ríran ò sì ṣe nǹkan kan sí i. Fíníà ojú rẹ̀, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ bo pákó, ti ṣí, ó ti ká bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti rí tábìlì onígíláàsì kan ní ṣọ́ọ̀bù, òun ti ní kí wọ́n bá òun fi pamọ́.

Ni mo bá là á mọ́lẹ̀: "Ẹ má gbé e sọnù o. Èmi máa tún un ṣe."

Ẹ̀gbọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìyá Oníbẹ́ǹṣì! Ìwọ? Fíníà?"

Kò parọ́. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti jogún ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ilẹ̀kùn àti bẹ́ǹṣì iléèwé ni mo sì ń kàn. Kò sí bẹ́ǹṣì mi kan tó tíì ṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n Màmá, tó jẹ́ pé òun ló ń fi póólíṣì kun gbogbo iṣẹ́ Bàbá títí Bàbá fi kú, kò fi póólíṣì kan iṣẹ́ mi rí. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Iṣẹ́ tìẹ lágbára, ọmọ mi. Iṣẹ́ tó lágbára ò wá póólíṣì." Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ń dùn mí títí dòní.

Àdéhùn wa rèé: bí tábìlì náà ò bá dùn-ún wò lójú Màmá lọ́jọ́ tó bá wọlé, onígíláàsì á dé lọ́jọ́ kejì, ti Bàbá á di igi ìdáná. A ò sì gbọdọ̀ sọ fún Màmá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo tú ẹsẹ̀ tábìlì, mo sì ń yí orí rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bíi táyà. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bọ́ síta pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. "Àǹtí, ọkọ̀ ta lẹ tú táyà rẹ̀ yìí?" Mo ní ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé ọwọ́ lé ògiri.

Mo yá áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Mo tẹ́ aṣọ tútù sórí fíníà àtijọ́, mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, gúlù Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lẹ́yìn ogójì ọdún. Òórùn yẹn! Mo rí Bàbá níbi tó dúró sí. Mo ní láti jáde síta fúngbà díẹ̀.

Awẹ́ mẹ́rìndínlógún ni Bàbá pín ojú tábìlì náà sí, bí ẹni la ọsàn, ìràwọ̀ igi funfun láàárín, ìgbátí igi dúdú yí etí rẹ̀ ká. Lábẹ́ awẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sára pákó ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, méje rẹ̀ tó dà bí ìkọ́. Àwọn ìlà mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ti ṣá, tí wọn ò bá ti awẹ́ mu. N kò mọ ohun tó fi wọ́n ṣe. Kí n tó fi ìfági kan pákó náà, mo tẹ́ bébà àpò sìmẹ́ǹtì lé e, mo da gbogbo ìlà kọ, èyí tó yé mi àtèyí tí kò yé mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Oníplánkì. Fíníà ti wọ́n gógó, owó ilẹ̀kùn méjì odindi ni ó gbà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjà! Igi pupa, ọ̀nà ara rẹ̀ ń ṣàn bí omi tó ń wá ibi gbà. Ewé mẹ́rìndínlógún láti ara gẹdú kan ṣoṣo, ó tò wọ́n bí ayùn ṣe gé wọn tẹ̀lé ara wọn. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí wọn lójú mi.

"Má dà wọ́n pọ̀," ló wí. "Ìbejì mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Bí o bá sọ ọ̀kan nù, n kò ní òmíràn. Igi yẹn ti tán."

Mo ní, "Bàbá, ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ó ní, "N kò sọ bẹ́ẹ̀." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ sọ ọ́.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀. Fíníà ti fẹ́ máa ká. Mo fi pákó méjì há wọn, mo to búlọ́ọ̀kù lé e lórí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo jókòó lé ọ̀kan.

N kò ní purọ́ nínú ìwé tèmi. Mo yọ ewé kẹrìndínlógún jáde láti wọ̀n ọ́n, mo gbé e lé orí àpótí, fóònù dún, mo sì fi gbogbo ìdí mi, tí Ọlọ́run kò ṣe kékeré, jókòó lé e. Ó ké pá! Etí rẹ̀ kan là láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Inú bí mi fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà ọpọlọ mi ṣiṣẹ́. Ta ló ní dandan ni kó jẹ́ mẹ́rìndínlógún? Dìgírì ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ló wà nínú òbìrí. Bí mo bá pín in sí mẹ́rìndínlógún, méjìlélógún ààbọ̀ ni yóò fún mi, nọ́ńbà onírádaràda. Bí mo bá pín in sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìnlélógún géérégé! Ó mọ́ tónítóní, kò ní ààbọ̀ nínú. Mo kí ara mi kú ọgbọ́n. Ká ní Bàbá mọ èyí ni, ì bá ti sinmi.

Mo fún aránṣọ ní ewé tó là yẹn. Ó ní òun á fi fẹ́ atẹ́gùn sára.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gé gbogbo rẹ̀ lónìí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, dìgírì mẹ́rìnlélógún-mẹ́rìnlélógún. Mo to méjì síwájú: mo ṣí ìkíní, mo yí èkejì dojú dé bí ẹni ṣí ojú ewé ìwé, ọ̀nà ara wọn sì pàdé láàárín bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Mo pe aránṣọ wá wò ó. Ó kàn ń wí pé, "Àǹtí! Àǹtí!" Ẹ̀gbọ́n mi ì bá wà níbẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àkàrà ti tú sépo.

Mo to àwọn awẹ́ náà yí po. Ọ̀kan ṣí, ọ̀kan dojú dé, ọ̀kan ṣí, ọ̀kan dojú dé. Ó ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Mo ń kọrin. Mo dé orí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó ṣí. Ìkíní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà ṣí. Méjì tó kọjú sí ọ̀nà kan náà, ọ̀nà ara wọn ò pàdé, ọ̀kan ń lọ sókè, èkejì ń gba ibòmíràn. Níbi tí gbogbo yòókù ti ń wo ara wọn lójú, àwọn méjì yìí kọ ẹ̀yìn síra wọn bí ìyàwó àti ìyálé.

Ohun tí kì í bá ṣe méjì-méjì kò lè bára wọn mu yí ká. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ti di ẹni àádọ́ta ọdún, mo gé e tán kí n tó mọ̀ ọ́n.

N kò lè padà sí mẹ́rìnlá, wọ́n ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Bí mo bá fẹ́ mẹ́rìndínlógún, ọ̀kan ló kù, ọ̀kan yẹn kò sì sí lọ́jà, Bàbá Oníplánkì ti wí.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò kí n tó jókòó.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹ̀gbọ́n pè mí lórí fóònù. "Báwo ni tábìlì?" Mo ní, "Ó ń lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ní àwọn onígíláàsì ń béèrè bóyá òun ṣì ń rà á. Mo ní kó kí ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí kó tó kúrò lórí mi.

N kò fẹ́ fọwọ́ kan fíníà kankan lónìí, ni mo bá tẹ́ bébà sìmẹ́ǹtì yẹn sílẹ̀ kí n fi wọn ìràwọ̀ Bàbá. Ojú mi bọ́ sórí àwọn ìlà tó ti ṣá, àwọn tí kò yé mi. Wọ́n yí po bí ti awẹ́. Mo fi ìka kà wọ́n. Mo tún wọn kà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìkíní kí n má baà ṣì í kà, mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Bàbá mi! Bàbá tí ẹnikẹ́ni ò rí àṣìṣe rẹ̀ rí! Òun náà rí mẹ́rìnlélógún géérégé, òun náà sì kó sí i. Ó pa ìlà náà rẹ́, ó fa òmíràn, ó lẹ fíníà bò ó, kò sì sọ fún ẹnì kan títí ó fi wọ ilẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Aránṣọ sáré wọlé, ó ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, bàbá mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Bó bá jáde nínú rẹ̀, èmi náà á jáde.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

"Aránṣọ, ewé tí mo fún ọ dà?"

"Ewé wo, Àǹtí?"

"Fíníà. Èyí tó o ní o máa fi fẹ́ atẹ́gùn."

"Áà. Kò fẹ́ atẹ́gùn dáadáa, ó le jù." Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ewé mi nìyẹn lórí ìjókòó, píìnì bí àádọ́ta dúró lórí rẹ̀ bí irun etí.

Mo figbe ta. Òun náà figbe ta, kò mọ ìdí rẹ̀. Mo ṣàlàyé, ó sì wá jókòó, ó dákẹ́ bí adájọ́. "Àǹtí, ẹ fún mi lẹ́bùn, ẹ tún wá gbà á padà. Mo ti fi kọ́ ara. Kí lẹ máa fi pààrọ̀?"

Ó gba ìlérí àpótí tuntun, oníwọ̀n ìdí òun, tí kò ní máa yẹ̀. Mo yọ àwọn píìnì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ihò wọn kéré, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì wà ní etí tí mo máa gé dànù. Ẹ wá wo orí ire: bí mo bá dín gbogbo awẹ́ kù sí méjìlélógún ààbọ̀, ibi tó là yẹn náà á bá èérún lọ. Ihò píìnì kan ṣoṣo ló bọ́ sí inú awẹ́. Mo po gúlù mọ́ ìyẹ̀fun igi, mo fi dí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ kò ní rí i.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ọjọ́ mi nìyí.

Mo to gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún léra bí ìwé, mo fi pákó méjì tó gún há wọn, mo sì fi ìfági fá etí wọn pa pọ̀, kí ẹnì kankan má baà yàtọ̀ sí ẹnìkejì. Lẹ́yìn náà mo ṣe bí Bàbá ti máa ń wí nígbà tí mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí n kò sì fetí sílẹ̀: ìdajì lọ́tọ̀, ìdajì lọ́tọ̀. Mẹ́jọ lápá kan, mẹ́jọ lápá kejì. Bí àṣìṣe bá wà, ojú ìlà kan ṣoṣo tó wà láàárín ni yóò kó jọ sí, ìyẹn nìkan ni wàá sì fá.

Mo fá a. Mo ti ìdajì méjèèjì mọ́ra. Mo gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ kankan kò gbà láàárín wọn kọjá.

Orí mi wú. Mo yí ṣọ́ọ̀bù náà ká lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé ọwọ́ sẹ́yìn bíi lándílọ́ọ̀dù. Awẹ́ kẹrìndínlógún wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìwọ yóò bi mí léèrè kó o tó mọ̀ ọ́n.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo lẹ fíníà lásán kan sí abẹ́ tábìlì. Aránṣọ ní, "Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, Àǹtí?" Mo ní bí a bá wọ aṣọ fún iwájú tí a fi ẹ̀yìn sílẹ̀ níhòòhò, ṣé ara ò ní tẹ̀? Igi náà nìyẹn. Bí gúlù bá fà á lójú kan, etí rẹ̀ á tẹ̀ sókè bí àwo. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n owó fíníà yẹn ì bá ra bàtà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n ti ṣe ojú kìíní. Mo lọ kí Màmá. Wọ́n fi báńdéèjì dí i, ó jókòó sí gbàgede, ara rẹ̀ yá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì fà á súnmọ́ imú.

"Gúlù gbígbóná," ló wí. "Ta ló ń fi gúlù gbígbóná kan bẹ́ǹṣì?"

"Iṣẹ́ kan ni, mà."

"Irú iṣẹ́ wo?"

"Iṣẹ́ ẹnì kan ni, mà."

Ó ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Èékánná rẹ̀ ṣì pọ́n fún póólíṣì, ogún ọdún ó lé tó ti fi í sílẹ̀. "Bí gúlù bá ti ń fà bí oyin láti orí búrọ́ọ̀ṣì, ó ti tó," ló wí. "Bó bá ń kán tó-tó bí omi, ó ti pọ̀ lómi." N kò béèrè o.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

A ti lẹ̀ ẹ́! Òjò ń rọ̀, atẹ́gùn tutù, gúlù sì ń dì kí n tó nà án dé ibì kan. Mo pariwo pe aránṣọ. Ó fi oníbàárà kan sílẹ̀ tòun ti ìdajì aṣọ lọ́rùn, ó gbé áyọ́ọ̀nù dé. Ó ń tẹ̀ ẹ́ níwájú kí gúlù lè yọ́, èmi ń fi òòlù pẹlẹbẹ tì í láti àárín wá sí etí, kí àjẹkù gúlù lè sá jáde. Oníbàárà náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ ti gbàgbé ẹ̀gbẹ́ yẹn o." Òótọ́ ló sọ. Gúlù fà bí oyin.

Búlọ́ọ̀kù mẹ́rìnlá wà lórí rẹ̀ báyìí. Apá mi ń ro mí títí dé eyín.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo kó búlọ́ọ̀kù kúrò. Mo fi èékánná kàn án káàkiri: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ó dì pọ̀. Mo dé awẹ́ karùn-ún, mo gbọ́ pò. Ihò afẹ́fẹ́, kò ju bọ́tìnì lọ. Mo fi abẹ là á tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ọ̀nà igi, mo fi síríńjì fún gúlù wọ inú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Mo dúró. Mo kàn án.

Kọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù keje

Mo ti gbẹ́ ìràwọ̀ sí àárín. Orígun mẹ́jọ. Bàbá ṣe tiẹ̀ ní funfun lásán, èmi fi ìdajì orígun kọ̀ọ̀kan ṣe funfun, ìdajì ṣe dúdú, ó wá dà bíi pé ó yọ sókè. Mo fọwọ́ pa á láti mọ̀ dájú pé kò yọ. Kò kúkú pọn dandan kí n ṣe gbogbo rẹ̀ bíi ti Bàbá.

Wọ́n ti ṣe ojú kejì Màmá. Ó lọ dáadáa.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ìgbátí. Igi dúdú, mo gé e ní kékeré-kékeré kí ọ̀nà igi lè máa wo òde yí ká, kó má sá tẹ̀lé etí. Láàárín òun àti awẹ́, okùn igi funfun kan tí kò nípọn ju òwú bàtà lọ. Mo rẹ ẹ́ sómi, mo fi páìpù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Méje ṣẹ́. Ẹ̀kẹjọ gbà.

Aránṣọ wá wò ó, ó ní òun ti ń rán ìgbátí sí abẹ́ aṣọ láti ọdún méjìdínlógún, òun ò rí èyí tó yí po báyìí tí kò súnkì níbì kan. Ìwúrí kan ò ju kí oníṣẹ́ mìíràn yìn ọ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n dé lọ́sàn-án. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kò dún mọ́.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Rárá, aránṣọ ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí i ká. "Ó dáa," ló wí. Mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, 'ó dáa' yẹn ju odindi ìwé lọ lẹ́nu rẹ̀. Ó wá ní òun mọ ẹnì kan tó ń fi ẹ̀rọ fọ́n ọ̀dà didán, ọ̀sán kan ló máa fi parí.

Mo ní, "A ò ní kùn ún."

"Kí lo wí?"

"Gbígbẹ báyìí ni mo máa gbé e sílé."

"Ìyá Oníbẹ́ǹṣì, ṣé orí rẹ pé? Láìkùn ún, á dà bí ohun tí a ò ṣe tán! Kí ni Màmá máa rí?"

"Ohun tí mo ṣe ni Màmá máa rí."

Ó mi orí. Ó ní onígíláàsì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kí n má dá òun lẹ́bi. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró de póólíṣì ẹnì kan. Bí kò bá sì wá, kò wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Sáńpépà. Sáńpépà. Sáńpépà. Mo ń sín erukù pupa.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Tábìlì ti wà nílé, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ní àyè rẹ̀. Mo tún mú àpótí aránṣọ lọ fún un. Ó jókòó sórí rẹ̀, ó mi ìdí sọ́tùn-ún sósì, kò yẹ̀. Ó ní gbèsè ti tán láàárín wa, ṣùgbọ́n kí n má tún fún òun lẹ́bùn mọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí. Tẹ́lẹ̀, bí iṣẹ́ mi ò bá lẹ́wà, mo lè ní Màmá ò ríran dáadáa.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Àbúrò wa mú un wọlé ní aago mẹ́rin. Ó wọ awò dúdú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó wo ògiri. "Ta ló kun èyí bí inú ìbẹ́pẹ?" Ẹ̀gbọ́n, tó yan àwọ̀ náà, wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó rí tábìlì. Ó bọ́ awò.

Ó yí i ká díẹ̀díẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó dúró, ó tẹ̀ ba pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀.

"O lẹ abẹ́ rẹ̀ náà."

"Mo lẹ̀ ẹ́, mà."

Ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná kàn án, awẹ́ kan tẹ̀lé èkejì. Kọ̀. Kọ̀. Ó dé ìkarùn-ún, mo di ọwọ́ mi pọ̀. Kọ̀. Mo ń bá a kà á nínú. Ó dé ìkẹrìndínlógún, ó dúró, ó tẹ orí wálẹ̀ pẹ̀lú ojú tuntun méjèèjì.

"Kí ló gún èyí?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Nínú gbogbo tábìlì! "Píìnì ni, mà. Píìnì aránṣọ. Mo ti fún un ní ewé yẹn tẹ́lẹ̀."

"Nítorí pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lo kọ́kọ́ gé."

Kò béèrè, ó sọ ọ́ ni. Mo ní, "Ẹ mọ̀, mà?"

Màmá fa àga, ó jókòó. Ẹ̀rín ti ń yọ létí ẹnu rẹ̀. "Bàbá yín náà gé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá èèyàn sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Ó ní bí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni, òun ò ní kan àga kan fún mi mọ́ láyé. Ó ti lọ tipẹ́, jẹ́ n sọ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, àbúrò wa sì ń pariwo pé kó má fọwọ́ kan ojú, dókítà kìlọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rí àyè. "Màmá, ẹ ò rí i pé ó gbẹ ni? Mo ní kí wọ́n kùn ún, ó kọ̀."

Màmá wò ó. "Ta ni ì bá kùn ún?"

Ẹ̀gbọ́n rọra jókòó.

"Ìwọ, dìde," ló wí fún ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ kí. "Lọ bá mi wá àkísà tó mọ́. Òwú ni o, kì í ṣe ọ̀rá. Kó o sì pe àwọn onígíláàsì rẹ pé kí wọ́n jókòó sílé wọn." Báwo ló ṣe mọ̀ nípa gíláàsì? Mo wo àbúrò wa. Ó ń wo òrùlé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo gbé ìgò póólíṣì tuntun dé láàárọ̀. Màmá ti jí, ó ti wé orí, ó ti ká apá aṣọ sókè. Ó ká àkísà náà, ó fi òwú sínú rẹ̀, ó sì fún un títí tó fi rọ̀ bí ó ṣe fẹ́. Mo dúró kí n rí i kó fi kan tábìlì.

Ó ní, "Ọwọ́ mi ti pẹ́ nílẹ̀. N kò lè fi tábìlì yìí kọ́ ọwọ́. Gbé nǹkan kan wá kí n fi dán ara mi wò."

"Kí ni kí n gbé wá, mà?"

"Bẹ́ǹṣì rẹ kan."

Mo lọ gbé ọ̀kan nínú àwọn tí mo fẹ́ kó lọ síléèwé. Mo gbé e sí gbàgede níwájú rẹ̀. Ó fi àkísà kàn án, ó ń yí ọwọ́ po, fẹ́ẹ́rẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo rò pé etí kan ló máa kùn. Ó kun orí rẹ̀. Ó ní kí n yí i, ó kun ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òòrùn yọ, igi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán, bẹ́ǹṣì iléèwé, bẹ́ǹṣì tèmi.

Ó fà sẹ́yìn, ó wò ó. Ó ní, "Ọ̀nà igi yìí lẹ́wà. N kò rí i tẹ́lẹ̀."

A bẹ̀rẹ̀ tábìlì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Iléèwé á ní sùúrù díẹ̀ sí i, bẹ́ǹṣì kan ti dín nínú tiwọn.